Oògùn Hamidat Nínú Ààwẹ̀ Méjì

Ọjọ́rú, 18 Fẹ́búárì

Ààwẹ̀ méjì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Àwọn Mùsùlùmí bẹ̀rẹ̀ tiwọn láàárọ̀ yìí, àwa náà gba eérú síwájú orí ní ṣọ́ọ̀ṣì kí n tó wọṣẹ́. Akínfẹ́mi ọkọ mi ní kí n nù ún kúrò kí n má baà dẹ́rù ba àwọn ọmọ inú wọ́ọ̀dù. Mo ní eérú wo ló lè dẹ́rù bà wọ́n tó abẹ́rẹ́ ọwọ́ mi?

Dominic, nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ wa, kò wá síṣẹ́ mọ́ láti ọjọ́ Ajé. A gbọ́ pé ó ti wà ní Èkó, ó ń dúró de físà. Kò dágbére fún ẹnikẹ́ni nínú wa. Mi ò bínú sí i, torí bí ọjọ́ orí mi bá kéré díẹ̀ sí i, èmi náà á ti lọ. Èmi àti Ṣèyíọlá ló wá kù sí ọ̀dọ̀ àwọn ọmọdé, Ṣèyíọlá sì rèé, oyún oṣù kẹjọ ló wà nínú rẹ̀. Bó bá bẹ̀rẹ̀ láti mú nǹkan nílẹ̀, èmi ni mo máa ń gbé e dìde.

Ìkanra ni mo ní màá yẹra fún nínú Lẹ́ńtì ọdún yìí. Akínfẹ́mi rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. Ó ní ṣé mi ò lè kúkú yẹra fún ẹran, kó rọrùn.

Ọjọ́bọ̀, 19

Ọjọ́ àwọn ìyá mi lònìí, àwọn tí àìsàn ọmọ wọn kì í lọ. Fòníkú-fọ̀ladìde ló pọ̀ jù, wárápá tẹ̀ lé e, ikọ́ fée náà wà níbẹ̀. Hamidat nìkan ló ní àtọ̀gbẹ. Wọ́n jókòó sórí àwọn bẹ́ǹṣì wa, wọ́n ń bá ara wọn tàkúrọ̀sọ, wọ́n ń kọ́ ara wọn ní ohun tí mo ti sọ fún wọn lẹ́ẹ̀mẹwàá tí kò wọ̀ wọ́n létí.

Kúlísúmù ìyá Hamidat ti Elegbeka wá kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Hamidat. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e wá sọ́dọ̀ wa ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ó ti rù tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò fi rí ibi gún un lábẹ́rẹ́. Láti ìgbà náà ni ìyá rẹ̀ ti ń gún un láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Orí èso ọsàn ló ti kọ́ bí a ṣe ń gún abẹ́rẹ́, níbí yìí, lójú mi. Nígbà tí ó kọ́kọ́ gún ọmọ gan-an, òun ló sunkún, ọmọ kò sunkún.

Lónìí, ìjà ni wọ́n gbé wá fún mi. Hamidat fẹ́ gbààwẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì, gbogbo ọ̀rẹ́ mi ló ń gbà á dé ọ̀sán."

"Ìwọ gba tìẹ nínú sùúrù."

"Sùúrù kì í ṣe ààwẹ̀."

"Ẹ bá mi sọ fún un, ma," Kúlísúmù wí. "Ó ní èmi ni mi ò fẹ́ kóun wọ àlùjánńà."

Gbogbo bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín. Mo sọ fún Hamidat pé Ọlọ́run tó fún un ní àìsàn náà mọ̀ pé ó gbọ́dọ̀ jẹun lásìkò. Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ bi mí bóyá Ọlọ́run ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Mo fẹ́ràn ọmọ náà.

Iná kò sí nílé wọn, nítorí náà inú fírísà Ummusalamah tó ń ta omi tútù létí títì ni wọ́n ń gbé oògùn náà sí. Fírísà ni a sáà ń pè é. Mo lọ síbẹ̀ nínú oṣù Kejìlá, mo tọwọ́ bọ̀ ọ́, omi inú rẹ̀ kò tutù ju omi àmù lọ. Ohun tí a sì ń fẹ́ gan-an nìyẹn. Mo tún kà á fún wọn lónìí bí mo ti máa ń kà á: ooru ni ọ̀tá oògùn yìí, òtútù ni ẹ̀mí rẹ̀. Wọ́n ti sọ ọ́ di orin mọ́ mi lọ́wọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 22

Ooru. Iná kò wá láti ọjọ́ Ẹtì. Ẹja tí mo rà ti ń rùn, mo sì bínú sí ẹja.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24

Gìrì mú ọmọ kan ní wọ́ọ̀dù, mo fi ọwọ́ kan dì í mú, mo ń fi ìkejì wá oògùn, fóònù mi ń ké nínú àpò. Kúlísúmù ni.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ bá wa yọ̀! Oògùn wa ti ń rí òtútù gidi. Ummusalamah ń tan jẹnẹrétọ̀ lójoojúmọ́ báyìí nítorí omi ìṣínu."

Mo ní ó dáa, mo pa fóònù. Ọmọ tí gìrì mú ti ń sùn báyìí.

Tòmátì ti di nǹkan tí a ń wò kọjá lọ́jà. Mo ra ata gígún.

Ọjọ́ Ẹtì, 27

Kúlísúmù tún pè. Ṣúgà Hamidat ga láàárọ̀, ó tún ga ní ìrọ̀lẹ́. Mo bi í bóyá ọmọ ń jí àdídùn jẹ, ó ní rárá. Mo bi í bóyá sààrì ti yí àkókò abẹ́rẹ́ padà, ó ní bó ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì ń ṣe é. Mo ní kó fi díẹ̀ kún ìwọ̀n rẹ̀, kó sì pè mí lọ́la. Ohùn rẹ̀ ti rẹ̀. Tèmi náà ti rẹ̀. Àwa méjèèjì ń sọ̀rọ̀ bí àwọn tó ru ẹrù pàdé ara wọn lọ́nà oko.

Ọjọ́ Ajé, 2 Máàṣì

Mi ò mọ̀ bóyá Kúlísúmù pè lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tàbí kò pè. Fóònù mi kú, kò síná láti fi gba agbára sí i, mo sì sùn lọ́jọ́ Àìkú bí ẹni tí wọ́n lù.

Láàárọ̀ yìí ni wọ́n gbé Hamidat dé. Kàmál bàbá rẹ̀ ló gun ọ̀kadà, wọ́n gbé ọmọ sáàárín, Kúlísúmù gbá a mú láti ẹ̀yìn. Mo gbóòórùn èémí rẹ̀ kí n tó rí ojú rẹ̀, ó ń rùn bí èso tó ti bàjẹ́. Ó ń mí gùlegùle bí ẹni tó sáré dé. Ojú rẹ̀ ṣí, ṣùgbọ́n kò mọ̀ wá mọ́. Nígbà tí a wọn ṣúgà rẹ̀, ẹ̀rọ náà ní ó ti kọjá ohun tí òun lè wọ̀n.

Dókítà Ọlámúyìwá dé kíákíá, Ọlọ́run á bá mi san án fún un. Omi nínú apá yìí, oògùn nínú apá kejì, ká wọn ṣúgà, ká tún un wọ̀n. Ìdí mi kò kan àga. Kúlísúmù dúró síbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó di àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ mú, kò kúrò níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n pe ìrun ìrọ̀lẹ́, kò mọ̀ pé wọ́n pè é. Èmi ni mo fi èso dàbínù sí i lẹ́nu tí mo fún un ní omi inú ìgò mi.

"Ẹ ṣé, ma," ló sọ.

Ọjọ́rú, 4

Hamidat dìde jókòó. Ó bèèrè àkàrà. Mo lọ sí kọ̀rọ̀ ibi tí a ń kó aṣọ ìdọ̀tí sí, mo sunkún díẹ̀, mo nu ojú mi, mo padà síṣẹ́.

Ohun kan ni mi ò lè gbé kúrò lọ́kàn. Oògùn kan náà ni, ọmọ kan náà. Bó bá wà lọ́wọ́ wa, ṣúgà á máa wálẹ̀. Bó bá wà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ṣúgà á máa gòkè. Ṣèyíọlá ní, "Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ó ń jí se sààrì, ó ń gbààwẹ̀, ó ń lọ sóko. Àbí oorun ló ń gbé e lọ tí kì í rántí gún un?"

Mo ní kó pa ẹnu mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti wọlé sí mi lára.

Ọjọ́bọ̀, 5

Mo ṣiṣẹ́ òru mọ́ ti ọ̀sán. Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ti ṣẹlẹ̀.

Kàmál wá pẹ̀lú ìyá rẹ̀, Màmá Jímọ̀. Ilé kan náà ni gbogbo wọn ń gbé ní Elegbeka. Kàmál kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, igi ló ń là, ìyẹ̀fun pákó wà ní irun apá rẹ̀ nígbà gbogbo. Ó dúró níwájú mi, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ma. Kí ló fà á tí ọmọ mi fi fẹ́ kú?"

Àwọn ìyá kún bẹ́ǹṣì. Kúlísúmù wà níbẹ̀, ó gbé Hamidat sẹ́sẹ̀.

Mo ní, "Oògùn wa kò lábùkù. Ẹni tó ń gún un ni kí ẹ bi."

Kúlísúmù gbójú sókè. "Mo ń gún un, ma. Wálláhì, mo ń gún un. Láàárọ̀, ní ìrọ̀lẹ́. Mi ò fo ọjọ́ kan."

"Kúlísúmù, oògùn tó bá wọ ara máa ń ṣiṣẹ́. Ìwọ náà rí i níbí."

Màmá Jímọ̀ ṣán ọwọ́ lé orí. "Ọma mi ẹ̀! Ọma mi fẹ́ kú mọ́ ọ lọ́ghọ́! Oorun ni! Mo mọ̀ pé oorun ni!" Kàmál kàn ń wo ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ilé tí kò mọ ọ̀nà ibẹ̀ mọ́.

Mi ò pariwo. Mi ò kanra. Ohùn jẹ́jẹ́ ni mo fi sọ ọ́, mo sì rò pé mo ṣe dáadáa.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7

Hamidat lọ sílé lónìí. Màmá Jímọ̀ ni yóò máa gún un. Mo kọ́ ọ lórí ọsàn, ó sì tètè mọ̀ ọ́n, ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n. Mo fún wọn ní ìgò oògùn tuntun. Mo tún ka orin mi fún wọn.

Kàmál ní kí Kúlísúmù lọ sinmi díẹ̀ ní ilé bàbá rẹ̀ níhìn-ín ní Ọ̀wọ̀. Ìsinmi ló pè é. Ní ẹnu ọ̀nà, Hamidat di ìró ìyá rẹ̀ mú. Bàbá rẹ̀ rọra ń tú ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò fi agídí ṣe é. Mo rí i. Mo yíjú bí ẹni tí wọ́n ń pè, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó ń pè mí.

Ọjọ́ Àìkú, 8

Òjò àkọ́rọ̀. Kò ju kó pa eruku lọ. Gbogbo ọmọ àdúgbò bọ́ síta.

Ọjọ́bọ̀, 12

Ọjọ́ àwọn ìyá. Ibi tí Kúlísúmù máa ń jókòó ṣófo, wọ́n sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó sún síbẹ̀. Ìyá ọmọ kan tó ní wárápá, tó ń ti Upenmen wá, bi mí pé, "Nọ́ọ̀sì, Kúlísúmù wa ńkọ́?" Mo ní ó ń sinmi. Ó ní, "Háà." Ìyẹn nìkan.

Ní ọjọ́ mìíràn, ìbéèrè wọn kì í jẹ́ kí n mumi. Lónìí, ẹnikẹ́ni kò bi mí ní ohunkóhun. Wọ́n gba oògùn, wọ́n ní "Ẹ ṣé, ma," wọ́n lọ. Mo jókòó, mo ń wo bẹ́ǹṣì òfìfo. Ó yẹ kí inú mi dùn pé mo tètè parí iṣẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 13

Kàmál pè kó tó lọ kí ìrun Jímọ̀.

"Ma, ṣúgà rẹ̀ ti tún ga. Láti ọjọ́ mélòó kan ni."

"Màmá ń gún un?"

"Gbogbo wa là ń jókòó wò ó, ma. Lójú mi ni. Kò sí ìgbà tí Màmá kò gún un."

Mo ní kó gbé ọmọ náà máa bọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kó má dúró de ìrun. Mo wá jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn wọ́ọ̀dù. Ọwọ́ mìíràn ló ń gún un, gbogbo ilé ń wò ó, ṣúgà sì ń gòkè síbẹ̀. Kì í ṣe Kúlísúmù. Kì í ṣe Kúlísúmù rárá.

Wọ́n dé. Kò tíì burú tó ti àkọ́kọ́, a ti fi omi sí i lára, ó ń fèsì. Mo bi Kàmál pé ìgò oògùn náà dà. Ó ní ó wà nínú fírísà, wọn kò rántí mú un. Mo rí i pé láti ọjọ́ tí nǹkan yìí ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo ènìyàn ni mo ti bi léèrè ọ̀rọ̀. Mi ò tíì wo ìgò náà rí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14

Mo ní kí Akínfẹ́mi fi mọ́tò wa gbé mi lọ sí Elegbeka. Ó wo aago, ó wo ojú mi, ó wọ bàtà. Ọ̀nà yẹn kì í ṣe ọ̀nà ìrọ̀lẹ́ nítorí àwọn ajínigbé, ó sì ní bí oòrùn bá ti ń rẹlẹ̀, ibi yòówù tí mo bá bá ọ̀rọ̀ dé, a ó padà.

A ti ń gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ kí a tó dé ibẹ̀. Àwọn obìnrin tò pẹ̀lú abọ́ àti kúlà, wọ́n fẹ́ ra yìnyín tí wọn ó fi ṣínu. Ummusalamah rí mi, ó nu ọwọ́ mọ́ ìró, inú rẹ̀ dùn.

"Nọ́ọ̀sì wa, ẹ káàbọ̀! Oògùn ọmọ wa wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ibi tó tutù jù. Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án."

Ó tẹ̀ wọ inú fírísà. Mo gbọ́ bó ṣe ń fi ọ̀bẹ gbẹ́ yìnyín. Ó fa ọ̀rá kan yọ, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ìgò náà dì gbagidi bí òkúta.

"Báwo ni wọ́n ṣe ń lò ó báyìí?"

"Wọn á gbé e sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ títí á fi yọ́. Bí Kúlísúmù ti ń ṣe é nìyẹn, Màmá náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ní òtútù ni ẹ̀mí rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń gbé e wá ni mo ti ń bẹ̀rù pé fírísà mi kò tutù tó. Ṣùgbọ́n nínú ààwẹ̀ yìí, mo ní, ọmọ náà á gbádùn."

Mo jókòó sórí kéréètì kan. Ínsúlínì ni oògùn náà, bó bá sì ti dì lẹ́ẹ̀kan, ó ti kú. Bó bá yọ́, ìgò á wà bí ìgò, omi inú rẹ̀ á wà bí omi, ṣùgbọ́n kò ní ṣe nǹkan kan mọ́. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì mọ èyí. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ooru ni mo ti ń bá jà láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Mi ò rí fírísà tó dì ní abúlé rí. Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé òtútù lè pọ̀ jù ní Elegbeka. Kúlísúmù sì pè mí. Ó pè mí láti sọ ọ́ fún mi, ó ní kí n bá òun yọ̀, mo ní ó dáa.

"Nọ́ọ̀sì, ṣé mo ṣe ohun tí kò dáa ni?" Ummusalamah ní. Ojú rẹ̀ ti yí padà.

Mo ní rárá, ẹ̀bi tèmi ni, èmi ni mi ò sọ fún wọn. Ó gbọ́, ṣùgbọ́n mo rí i pé kò gbà á. Ó padà sídìí fírísà, ó ń fọ́ yìnyín fún àwọn oníbàárà rẹ̀, omijé sì ń dà lójú rẹ̀.

Akínfẹ́mi kò bi mí léèrè ọ̀rọ̀ kankan títí a fi délé. Òun ẹni tó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lórí ohun gbogbo.

Ọjọ́ Àìkú, 15

Ọjọ́ Àìkú Àwọn Ìyá ni lónìí. Wọ́n pe gbogbo ìyá jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n jó lọ síwájú pẹpẹ gba òdòdó. Mo gba ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn jáde.

Mo ti ránṣẹ́ sí Kàmál láti àná pé kí òun àti ìyá rẹ̀ pàdé mi ní ilé bàbá Kúlísúmù, Alùfáà Rùfáì tó ń ránṣọ ní àárín ìlú. Wọ́n ti dé ṣáájú mi. Wọ́n fi àga fún mi. Mi ò jókòó. Iwájú ọkọ rẹ̀ àti ìyá ọkọ rẹ̀ ni mo ti bà á jẹ́, iwájú wọn náà ni mo fẹ́ tún un ṣe. Mo kúnlẹ̀ síwájú Kúlísúmù.

Gbogbo wọn dìde. Alùfáà Rùfáì ní, "Ẹ̀yin àgbà! Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀!" Kúlísúmù fò wá, ó dì mí lápá, ó ń fà mí. "Ẹ dìde, ma. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, ẹ má fa ìbínú Ọlọ́run sí mi lórí."

Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti sọ ọ́. Mo ní, "Kúlísúmù gún ọmọ rẹ̀ láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, kò fo ọjọ́ kan. Òkú oògùn ló wà nínú ìgò. Yìnyín ló pa á, èmi ni mi ò sì kìlọ̀ fún un. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ náà, irọ́ ni."

Kàmál ṣí fìlà, ó ń yí i lọ́wọ́. Màmá Jímọ̀ ní, "Àní ọma ẹlọ́ma…" kò sì parí rẹ̀. Ó fa ìborùn rẹ̀ bojú.

Kúlísúmù ní, "Ma, mo ti gbà pé èmi ni."

Mo ní kí ló ń wí.

"Nígbà tí ẹ sọ ọ́, mo mọ̀ pé mi ò ṣe é. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ibí, mo bẹ̀rẹ̀ sí rò ó pé nọ́ọ̀sì kò lè parọ́. Mo ní bóyá mo sùn lọ. Bóyá ojú àlá ni mo ti ń gún un. Gbogbo ìrun tí mo kí nínú ilé yìí, àforíjìn ni mo fi ń tọrọ, ma, lórí ohun tí mi ò ṣe."

Mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí láti ìgbà ọ̀dọ́ mi, mo ti sọ fún òbí pé ọmọ wọn ti kú, ẹnu mi kò wúwo báyìí rí.

Òun ló ràn mí lọ́wọ́. Ó ní, "Ọmọ mi ńkọ́?"

Mo mú un lọ sí wọ́ọ̀dù. Hamidat rí i, kò sunkún. Ó ní, "Màmá Àgbà kò mọ orin tí ẹ máa ń kọ bí ẹ bá ń gún mi. Mo kọ́ wọn, wọn ò gbà á."

Ọjọ́rú, 18

Mo bá wọn padà sí Elegbeka láàárọ̀. Màmá Jímọ̀ fúnra rẹ̀ ló gbé ìkòkò ńlá kan jáde, ó ní ìkòkò tí òun gbé wá sí ilé ọkọ ni. A gbé ìkòkò kékeré tí a ó máa fi oògùn sí sínú rẹ̀, a rọ iyanrìn sáàárín méjèèjì, a da omi sí iyanrìn, a fi aṣọ tútù bo orí rẹ̀. A gbé e sí ibi tí ibòji wà, tí atẹ́gùn ń fẹ́. Nígbà tí mo tọwọ́ bọ inú rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, ó tutù níwọ̀n. Kò lè dì láéláé. Kúlísúmù ni Màmá gbé ìgò oògùn lé lọ́wọ́, ó ní, "Gbà, ìwọ lo ni í." Kò wo ojú rẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́.

Orin mi ti yí padà: kò gbọdọ̀ gbóná, kò gbọdọ̀ dì. Mo ti pe gbogbo òbí tí nọ́ńbà wọn wà lọ́wọ́ mi, títí dé Imoru.

Mo lọ fẹjọ́ ara mi sun mátírọ́ọ̀nù. Ó ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu, gbogbo wa ló ti rẹ̀. Ó bí mi nínú. Mo fẹ́ kó bá mi wí.

Ọjọ́ Ẹtì, 20

Ọdún ìtúnu ààwẹ̀. Kàmál gbé ìrẹsì àti ẹran àgbò wá fún mi ní wọ́ọ̀dù. Ṣèyíọlá ti lọ bímọ, èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀. Mo jẹ ẹran náà lórí ìdúró.

Ọjọ́bọ̀, 26

Ọjọ́ àwọn ìyá. Kúlísúmù dé pẹ̀lú Hamidat. Wọ́n pariwo lé e lórí, wọ́n dì mọ́ ọn, wọ́n sún fún un kó jókòó. Mo tún sọ fún gbogbo wọn lórí bẹ́ǹṣì ibẹ̀ pé èmi ni mo ṣàṣìṣe, kì í ṣe òun. Wọ́n ní wọ́n mọ̀. Ó jọ pé wọ́n ti mọ̀ ṣáájú mi.

Ṣúgà ọmọ náà dára. Ó ti sanra díẹ̀, eyín rẹ̀ kan ti yọ.

Wọ́n tètè kúrò nílé, nítorí náà ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti fẹ́ gún ti àárọ̀ kó tó jẹun. Kúlísúmù mú ìgò jáde, ó yí i láàárín àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó fa oògùn sínú síríńjì. Ó wá gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ wò ó. Ṣé ó pé?"

Mo ní ó pé.

Ó yíjú sí ìyá ti Upenmen. "Ìwọ náà, wò ó." Ìyẹn wò ó. Ó nà án sí ẹni tó tẹ̀ lé e. Ìyẹn náà wò ó. Hamidat ti ká apá aṣọ sókè tipẹ́, ó ń dúró, kò yà á lẹ́nu.

Mo sún mọ́ wọn. Mo bi í ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bóyá bó ti ń ṣe é nílé nìyẹn. Hamidat ló dá mi lóhùn.

"Láàárọ̀, a máa ń kan ilẹ̀kùn ilé kejì. Bí wọn kò bá tíì jí, a máa ń dúró de ẹni tó ń lọ sóko, kó bá wa wò ó."

"Kí ẹlẹ́rìí lè wà, ma," Kúlísúmù ní.

"Kúlísúmù, ẹnikẹ́ni kò bi ọ́ mọ́."

"Mo mọ̀, ma."

Ó ṣì gbé síríńjì náà sókè, ó ń wo ojú mi. Mo ní, "Mo rí i." Nígbà náà ló tó gún ọmọ rẹ̀.